Wọ́n Ní Kokanle Kò Nísàlẹ̀

Ẹni tó bá rò pé odò kan ṣoṣo ló ń ṣàn kọjá ní Warri, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé etí rẹ̀. Wọn yóò dárúkọ mẹ́ta fún un, wọn yóò sì bá ara wọn jà lórí ẹ̀kẹrin. Odò yìí gbé àwọn kan wá láti òkè, ó gbé àwọn kan wá láti ẹnu òkun, ó gbé òyìnbó wá tẹ̀lé wọn. Ó gbé ẹrú lọ, ó gbé epo pupa lọ, ó gbé igi gẹdú lọ, epo rọ̀bì ló wá ń gbé lọ báyìí. Gbogbo àwọn tó gbé wá pátá ló sì ń búra pé àwọn ni odò bá níbẹ̀. Odò kò bá wọn jiyàn. Bí ó bá jẹ́ pé ó lẹ́nu ni, ì bá ti rẹ̀ ẹ́ tipẹ́.

A kò ní dárúkọ ẹ̀yà méjèèjì tó jà lórí Kokanle nínú ìtàn yìí, kí ẹ má bínú. Ẹni tó bá gbé Warri láàárín ọdún 1997 sí 2003 mọ̀ pé orúkọ lásán tó ohun tí ń pa ènìyàn nígbà náà. Ará òkè odò àti ará ìsàlẹ̀ odò la ó máa pè wọ́n, ìyẹn náà tó.

Kokanle jẹ́ ẹ̀ka odò kan tó yà sọ́wọ́ òsì nísàlẹ̀ èbúté Warri, bí ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Kò gùn. Ẹja rẹ̀ kò sì pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ní epo rọ̀bì wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni gbogbo ènìyàn rántí pé ilé bàbá àwọn ni. Ará òkè odò ní Kókà ni bàbá ńlá àwọn, ọdẹ ọ̀nì, pé òun ló kọ́kọ́ pàgọ́ síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe omi náà. Ará ìsàlẹ̀ odò ní irọ́ gbuu ni, pé Ókanlé ni ìyá ńlá àwọn, obìnrin tó gbé ìkòkò karí, tó fẹsẹ̀ la odò já. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, kóòtù pẹ́ jù fún wọn, wọ́n bá gbé ìbọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jà á. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004, tí ara ti ń ro tọ̀tún tòsì, wọ́n yan ìgbìmọ̀ onílàjà pé kí ó wá wádìí ẹni tí orúkọ náà jẹ́ tirẹ̀.

Ilé kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ ibi tí orúkọ náà ti wá, ilé Yorùbá sì ni. Adégbénró ni wọ́n ń pe baálé rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ èbúté, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Morẹ́nikẹ́ ń gbé yàrá méjì ní Igbudu nínú Warri. Ìwé ìgbìmọ̀ bá a nílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Wọ́n fi ẹ̀dà máàpù àtijọ́ kan mọ́ ìwé náà, èyí tí òyìnbó yà lọ́dún 1934, wọ́n sì fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ kan tí wọ́n kọ wínníwínní sí igun rẹ̀ nísàlẹ̀: Tunji, olójé ọkọ̀. Ṣé bàbá yín nìyí? Kí ẹ wá ní Sátidé, kí ẹ wá sọ ohun tí ó bá yín sọ nípa orúkọ Kokanle. Agbẹjọ́rò apá méjèèjì, tí wọn kì í fohùn ṣọ̀kan lórí aago tó lù, ti fohùn ṣọ̀kan lórí èyí: pé Yorùbá kò lẹ́jọ́ nínú rẹ̀, pé ohun tó bá sọ, àwọn yóò gbọ́.

Adégbénró ka ìwé náà tán, ó ká a, ó jókòó tì í. Ọdún márùn-ún ló ti ń retí pé kí ẹnì kan bi òun ní ìbéèrè yìí, ọdún márùn-ún ló sì ti ń gbàdúrà pé kí wọ́n má bi òun.

Ará Ìwọpín ni bàbá rẹ̀, Babátúnjí, létí ọ̀sà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Màríìnì, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ìjọba ní Èkó, ló ti kọ́ṣẹ́ kí ó tó bá ọkọ̀ òyìnbó awọnlẹ̀ wá sí Warri, òun àti ìyàwó àti Adégbénró tó jẹ́ ọmọ ọdún kan. Iṣẹ́ olójé kò ní ariwo, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò bá ní olójé gidi, orí iyanrìn ni yóò sùn. Iwájú ọkọ̀ ló máa ń dúró sí. Òjé náà gùn tó apá ọmọdé, ó wúwo, ihò kan sì wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n máa ń fi ọ̀rá màlúù dí, kí ohun tó bá wà nísàlẹ̀ omi lè lẹ̀ mọ́ ọn, ìbáà ṣe ẹrẹ̀, ìbáà ṣe iyanrìn, ìbáà ṣe ìkarahun. Wọ́n so awọ àti àkísà mọ́ okùn rẹ̀ láti fi mọ iye apá, apá kan sì jẹ́ bí ọkùnrin ṣe lè na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó. Olójé a ju òjé síwájú, bí ó bá kanlẹ̀, a kígbe iye apá: apá mẹ́ta! apá márùn-ún! Òyìnbó tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí okùn bá tán pátápátá, tí òjé ṣì ń rọ̀ dirodiro, igbe kan ṣoṣo ló wà fún un: "Kò kanlẹ̀!"

Ẹni tó máa ń bá òyìnbó dárúkọ ibi gbogbo ní ibà lọ́jọ́ tí wọ́n dé ẹnu ẹ̀ka odò yẹn. Òyìnbó nàka sí i, ó bi àwọn èrò iwájú ọkọ̀ pé kí ni wọ́n ń pè é. Babátúnjí kò tilẹ̀ gbọ́. Gbogbo okùn ọwọ́ rẹ̀ ti wọnú omi tán, òjé kò tíì kan nǹkan kan, ó yíjú sẹ́yìn ó sì lọgun pé, "Kò kanlẹ̀! Kò kanlẹ̀ o!" Òyìnbó mirí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Babátúnjí rò pé iṣẹ́ tí òun ṣe ló ń dúpẹ́ lé lórí. Ìgbà tí máàpù jáde lẹ́yìn ọdún méjì, tí akọ̀wé èbúté kà á sókè fún wọn, ni olójé tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti di àwàdà ilé wọn. Bí Babátúnjí bá tọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀ tí ó bá a tó kún, a yíjú sí ìyàwó rẹ̀, a kígbe, "Kò kanlẹ̀!" Adégbénró dàgbà sínú ẹ̀rín náà. Òun pàápàá ṣe olójé fún ọdún mẹ́fà kí ẹ̀rọ tó ń wọn omi fúnra rẹ̀ tó dé, tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìkẹ́rù, òun náà sì sọ àwàdà náà fún Wúrà ọmọ rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ará ìta. Kò sí ẹni tó bi í, ta ni yóò sì tẹ́tí sí àwàdà tí wọ́n ní láti kọ́kọ́ túmọ̀ fún un?

Lọ́dún 1999 ni ẹ̀rín náà kú sí wọn lẹ́nu.

Ẹni tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn nínú ilé náà ni Agatha, ará ìsàlẹ̀ odò, opó tó ń ta àwọ̀n, fóòtì tó ń gbé àwọ̀n léfòó, àti okùn ẹja ní ọjà Igbudu. Ọmọkùnrin méjì ló ní, Stephen àti Elisha. Lọ́dún yẹn, àwọn ọ̀dọ́ kan ya wọ inú ilé náà pẹ̀lú àdá àti kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù. Morẹ́nikẹ́ ń gbàdúrà, ohùn rẹ̀ sì jáde síta. Èdè Yorùbá fara jọ èdè àwọn kan lára àwọn tó ń jà, ẹni tí inú ń bí kì í sì í dúró fara balẹ̀ gbọ́ ìyàtọ̀. Agatha ló yọ sí ojú ọ̀nà, tó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dí ilẹ̀kùn wọn, tó ní, "Na Yoruba people be this! If una wan enter, una go pass my body first." Wọ́n wojú rẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n yí padà.

Kò pé oṣù méjì sí i ni Stephen, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Kokanle. Ìbọn bà á lẹ́nu ẹ̀ka odò náà, ó ṣubú sómi. Àwọn tó bá a lọ padà wálé láìsí i. Wọ́n dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi ṣì ń kán lára wọn, olórí wọn sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Mama, we no fit find am. You sef know say Kokanle no get bottom."

Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ará òkè odò mọ̀ ọ́n, ará ìsàlẹ̀ odò mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀yà méjèèjì jùmọ̀ gbàgbọ́ nípa omi náà ni pé kò nísàlẹ̀. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó wá ọmọ náà. Agatha kò rí òkú sin. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ. Ti Agatha, ó kú, ó tún nù. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára aṣọ fífẹ̀ kan tó gbé kọ́ sí iwájú yàrá, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun fi ẹ̀mí lélẹ̀ fún Kokanle, ilẹ̀ ìyá ńlá àwọn. Nígbà tí àwọn èèyàn fẹ́ máa pè é ní Mama Elisha, kó lè tètè gbàgbé, kò jẹ́ wọn. Mama Stephen ni, Mama Stephen náà ló wà.

Adégbénró dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá tú ọ̀fọ̀ yẹn. Ó gbọ́ "no get bottom" yẹn, ó sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Torí òun mọ okùn náà. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun nínú yàrá pẹ̀lú òjé rẹ̀. Apá mẹ́wàá péré ni. Kò sígbà kan tí bàbá òun sọ pé odò kò nísàlẹ̀. Okùn ló tán.

Ì bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀rù bà á ni. Ó rò ó pé bí òun bá la ẹnu, wọn yóò bi òun bí òun ṣe mọ̀, òun yóò sì ní láti sọ ibi tí orúkọ náà ti wá, ní àárín ogun, fún àwọn ọmọ tó di ìbọn mú. Ó dákẹ́. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di ọdún, ìdákẹ́ náà wá di nǹkan tí kò mọ bí òun ṣe lè gbé e kalẹ̀ mọ́.

"Bàbá Wúrà, kí lẹ fẹ́ lọ sọ fún wọn?" Morẹ́nikẹ́ béèrè lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ, kò gbójú sókè.

"Ohun tí bàbá mi sọ fún mi."

"Bàbá yín ti kú. Ẹ̀yin ṣì wà láàyè, mo sì fẹ́ kí ẹ wà bẹ́ẹ̀. Àlejò la jẹ́ níbí. Ẹ sọ pé ẹ ti gbàgbé. Wọn kì í bínú sí arúgbó tó bá gbàgbé nǹkan."

"Ọmọ ọdún kan ni mo wà tí wọ́n gbé mi dé ìlú yìí. Ìgbà wo wá ni àlejò ń di onílé?"

"Ìgbà tí onílé kò bá mú ìṣáná lọ́wọ́."

Adégbénró rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Ìyá Stephen ńkọ́?" ó ní.

Morẹ́nikẹ́ gbé atẹ náà sílẹ̀. "Torí Ìyá Stephen gan-an ni mo ṣe ní kí ẹ dákẹ́. Ẹ̀mí tí a ń mí yìí, òun ló gbà á fún wa. Kí ló kù fún obìnrin yẹn? Wọn kò fún un ní òkú. Wọn kò fún un ní sàréè. Orúkọ tí ọmọ rẹ̀ tìtorí ẹ̀ kú nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Ṣé ìyẹn náà lẹ fẹ́ gbà?"

"Elisha ti wà láàárín àwọn tó ń gbé ìbọn báyìí, Morẹ́nikẹ́. Bí wọ́n bá tún jà á lẹ́ẹ̀kẹrin ńkọ́? Ṣé kí n dákẹ́ títí ọmọ yóò fi tán lọ́wọ́ ìyá rẹ̀?"

Elisha ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Ó ti tó ọdún kan tó ti fi ilé sílẹ̀. Nígbà tó bá wá, bàtà tuntun ló máa ń wọ̀, ìyá rẹ̀ kì í sì í béèrè ibi tó ti rí i.

Ọjọ́ méjì ni Adégbénró fi ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun tó wá pinnu ni pé Agatha kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ìgbìmọ̀ kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí obìnrin náà ti ọjà dé, ó fa òjé yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e kọ́ apá, ó sọdá ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Papa Wúrà, welcome o. Wetin be this iron?"

Ó jókòó, ó sọ ọ́ fún un. Kò fi nǹkan kan bò. Ó sọ ti òyìnbó, ti ibà, ti igbe tí bàbá rẹ̀ ké. Pijin rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, torí kò sí bí wọ́n ṣe ń fi Pijin sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní dà bí ẹ̀fẹ̀. Agatha ń gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń ká okùn àwọ̀n dúró díẹ̀díẹ̀.

"So no be person name," ó ní.

"No be person name."

"No be our mama name."

"Ìyá Stephen, my papa just dey shout him work."

Obìnrin náà wo aṣọ àwòrán Stephen tó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí Adégbénró kò ní gbàgbé. "So na measure. My pikin die for measure."

Adégbénró fẹ́ sọ èyí tó kù, èyí tó wúwo jù, ti gígùn okùn. Ó ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n Agatha ti dìde, ó ti ń nàka síta. "Abeg commot for my room, Papa Wúrà. Carry your iron. Commot." Ó jáde, ilẹ̀kùn sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ti jọ ń gbé, kò rí ilẹ̀kùn yẹn ní títì kí ilẹ̀ tó ṣú rí.

Ọjọ́ Ẹtì, kò kí wọn. Morẹ́nikẹ́ gbọ́njẹ sí i, oúnjẹ náà sì tutù sẹ́nu ọ̀nà.

Gbọ̀ngàn kan nítòsí èbúté ni ìgbìmọ̀ ti jókòó ní àárọ̀ Sátidé. Ará òkè odò wà lápá ọ̀tún, ará ìsàlẹ̀ odò wà lápá òsì, sójà mẹ́fà wà láàárín. Elisha wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́yìn. Wọ́n pe Adégbénró. Alága ìgbìmọ̀, ọkùnrin pẹ̀lẹ́tù kan tó ti ibòmíràn wá, ní kí ó sọ ohun tó mọ̀.

Ó gbé òjé ka orí tábìlì, ó dún gbì. Ó sọ ìtàn náà bó ṣe rí. Nígbà tó dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti kígbe, agbẹjọ́rò kan bú sẹ́rìn-ín, kò lè pa á mọ́ra. Ẹ̀rín náà ràn. Fún ìṣẹ́jú kan, ọ̀tún àti òsì jọ ń rẹ́rìn-ín pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn, ẹni tó bá kọjá níta yóò rò pé ìyàwó ni wọ́n ń gbé. Lẹ́yìn náà ló wọ̀ wọ́n létí, ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ará òkè odò kan fò dìde, ó ní wọ́n ti fún bàbá yìí lówó. Ará ìsàlẹ̀ odò kan ní, "This Yoruba man wan use him papa mouth collect our land!" Àga ń ṣubú. Alága ń lu tábìlì, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ẹ̀rù ba Adégbénró dọ́ba. Ó wo ilẹ̀kùn, ó rí i pé ó jìnnà.

Agatha ni ó rí ní ìdí ilẹ̀kùn náà. Kò mọ̀ pé ó wá. Obìnrin náà ń bọ̀ láàárín èrò, wọ́n ń yà fún un, torí ọ̀tún àti òsì ló ń ra okùn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ti Stephen. Ó dúró níwájú tábìlì, ó gbé okùn òjé náà, ó ń fi ìka wọ́ ọ bí oníṣòwò okùn ṣe máa ń wọ́ ọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Papa Wúrà," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè, "this rope wey your papa throw that day. Na this one?"

"Òun ni. Na him."

"Na ten I count so."

"Apá mẹ́wàá ni."

"And he say e no touch ground."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"So na rope finish. No be say river no get bottom. Na rope finish."

Adégbénró mọ̀ pé ìbéèrè tí òun sá fún lọ́dún márùn-ún nìyí, ó sì ti bá òun níwájú gbogbo ènìyàn. Omijé bọ́ sí i lójú, kò nù ún. "Okùn ló tán, Ìyá Stephen," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ náà. I for tell you. Fear catch me. Ẹ jọ̀wọ́."

Agatha kò bú u. Ì bá sàn fún un ká ní ó bú u. Ó ṣáà ń wo okùn náà. "Five years," ó ní. "I dey sell rope for that market. I get twenty. I get thirty. Every day I dey tie am, dey sell am. Nobody tell me say na rope short."

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí alága, ó ní, "Oga, make we go there."

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé rárá. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ mẹ́ta kúrò ní èbúté: ọkọ̀ ìgbìmọ̀, ọkọ̀ ará òkè odò, ọkọ̀ ará ìsàlẹ̀ odò. Agatha kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé okùn tuntun, apá ọgbọ̀n, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ òjé Babátúnjí, Adégbénró sì fi ọ̀rá dí ihò ìdí rẹ̀. Ó ní Adégbénró ni yóò jù ú. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ọwọ́ rẹ̀ sì ti le, ṣùgbọ́n nígbà tó dúró sí iwájú ọkọ̀, tó ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ara rẹ̀ rántí.

Ẹ wò ó, gbogbo wọn ń retí ibú. Ẹnu Kokanle fẹ̀, omi rẹ̀ dúdú, àwọn ọ̀dọ́ tí kì í bẹ̀rù ìbọn di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú ṣinṣin. Adégbénró kó okùn jọ sọ́wọ́ òsì, ó fì òjé nínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó jù ú. Ó ti múra sílẹ̀ fún ogún apá, fún ọgbọ̀n.

Okùn náà dúró lójijì. Apá méjì àbọ̀.

Ó rò pé ó há ni. Ó fà á sókè, ó tún jù ú. Apá méjì àbọ̀. Ó fa òjé wọlé, ó yí ìdí rẹ̀ sókè: iyanrìn funfun ló lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, irú tí wọ́n máa ń wú nísàlẹ̀ odò lójú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá. Ó wá yé e. Láti ogójì ọdún sẹ́yìn, gbogbo iyanrìn tí wọ́n ń wú kí ọkọ̀ epo lè rọ́nà kọjá, ẹnu Kokanle ni wọ́n ń dà á sí. Òun fúnra rẹ̀ ti rí àwọn ọkọ̀ náà tí wọ́n ń kó o kọjá níwájú ilé ìkẹ́rù, kò sì ronú kàn án rí. Omi náà ti kún tipẹ́. Ó ti kún kí Stephen tó dé ibẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta tó bá gun èjìká ara wọn, orí ẹni kẹta yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ.

Kò lè kígbe. Alága ń bi í pé kí ló rí, agbẹjọ́rò méjèèjì ń na ọrùn.

"Papa Wúrà," Agatha ní lẹ́yìn rẹ̀. "That thing wey your papa dey shout. If e touch, wetin he dey talk?"

"Ó kanlẹ̀."

"O kanle." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò lẹ́nu. "E touch?"

"Ó kanlẹ̀, Ìyá Stephen."

Obìnrin náà jókòó sórí pákó ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì ka orúnkún. Ó wo omi náà, lẹ́yìn náà ó wo àwọn ọkọ̀ méjì tó kù, àwọn ọmọ tó wà nínú wọn, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ó ní, "Then my pikin dey here."

Elisha, tó bá ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ìgbìmọ̀, ló kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù. Ó bọ́ bàtà tuntun náà pẹ̀lú, ó tò wọ́n síbi ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó fò sómi láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ yọrí, kò sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ju iyanrìn lọ. Ó tún wọlé. Lẹ́ẹ̀kẹta tó yọrí, ọmọkùnrin kan láti inú ọkọ̀ ará òkè odò ti wà nínú omi, ẹlòmíràn ń bọ́ ẹ̀wù. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ tiwọn náà wà nísàlẹ̀ ibẹ̀?

Ẹ̀yin tó fẹ́ mọ ẹni tó jàre ẹjọ́ Kokanle, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀ di bí a ti ń wí yìí. Agbẹjọ́rò ń jẹun nídìí rẹ̀.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí alága ní ó tó kí àwọn máa lọ. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì, ó ń fi àjẹ̀ tì í síwájú díẹ̀díẹ̀. Adégbénró dúró níwájú, apá rẹ̀ ń dùn ún dé egungun, ó ń ju òjé sí ibi tí àwọn ọmọ kò tíì dé, kí wọ́n lè mọ bí ó ti jìn tó. Ní gbogbo ìgbà tí okùn bá dúró, Agatha a béèrè lẹ́yìn rẹ̀ ní Yorùbá tí kò kọ́ rí, pé, "O kanle?"

"Ó kanlẹ̀, Ìyá Stephen."

"Throw am again."